Yíyege Yàtọ̀ sí Kí Wọ́n Múni: Àlàyé lórí Títún BAC Ṣe Nígbà Tí A Ń Retí Bourse

Bí èsì BAC bá ti jáde tán, ìbéèrè kan máa ń lọ láti ilé dé ilé ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọmọ ti yege, wọ́n ti pa adìẹ, àwọn ẹbí ti wá kí i. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tí ìjọba fún ní bourse kò tí ì jáde. Ìpíndọ́gba máàkì ọmọ náà kò burú, kò sì ga tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ṣé kí ó dúró de orúkọ ni? Àbí kí ó padà sí kíláàsì Terminale, kí ó tún BAC ṣe, kí ó lè mú máàkì tó ga ju èyí lọ wá lọ́dún tó ń bọ̀?

Àwa tí a ti wà ní yunifásítì ni àwọn àbúrò wa sábà máa ń bi. Ìdáhùn wa kì í sì í ju "fọkàn balẹ̀" tàbí "tún un ṣe, o ṣì kéré" lọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà nídìí ìbéèrè náà, kí ẹni tó bá fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ nímọ̀ràn lè rí nǹkan dì mú. Èrò wa ni pé apá kan nínú ìdààmú yìí ti inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá, ìyẹn *ìdánwò*. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè.

Ọ̀rọ̀ kan, ohun méjì

Gbogbo wa mọ bí a ṣe ṣẹ̀dá *ìdánwò*. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *ì-* ni a fi mọ́ *dán wò*, ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń là sí méjì bí àbọ̀ bá wọ àárín rẹ̀: "ó dán mi wò", "wọ́n dán ìkòkò wò". Ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà máa ń fi ìka kàn án, kí ó lè gbọ́ bóyá ó ti sán. Bí ó bá dún dáadáa, ó dára. Kò kàn án bóyá ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dún jù ú lọ. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ ẹjọ́ tirẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi èdè Faransé kọ́ wa, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń lò: *examen* àti *concours*. Inú èdè Látìn ni *examen* ti wá. Níbẹ̀, ó lè túmọ̀ sí ahọ́n òṣùwọ̀n, irin tín-ín-rín tó ń fi hàn bóyá ọwọ́ méjèèjì òṣùwọ̀n dọ́gba. Látìn náà ni *concours* ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ sì ni kí àwọn ènìyàn jọ sáré pàdé síbì kan. Ìwọ̀n ni ti àkọ́kọ́, eré ìje ni ti ìkejì. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ilé, tí a fẹ́ sọ méjèèjì fún ìyá wa ní Yorùbá, *ìdánwò* náà la máa ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ti wá gbé ohun méjì tí kò jọra.

*Examen* ni BAC. Napoleon ló gbé e kalẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1808, ènìyàn 31 péré ló sì gbà á lọ́dún 1809. Láti ọwọ́ ìjọba amúnisìn ló ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlà rẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni: 10 nínú 20 ni. Ẹni tó bá ní 10 ti yege, ì báà jẹ́ 500 ènìyàn ló yege lọ́dún náà, ì báà jẹ́ 50,000. Bí ọmọ aládùúgbò mi bá yege, kò dí mi lọ́wọ́ láti yege. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ipele tó wà lókè rẹ̀: *assez bien* bẹ̀rẹ̀ láti 12, *bien* láti 14, *très bien* láti 16. A ti fa àwọn ìlà yìí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú gègé.

Bourse kò rí bẹ́ẹ̀. *Concours* ni, bí a kò tilẹ̀ jókòó sínú gbọ̀ngàn kankan láti ṣe é. Àwọn tó ń pín in á mú máàkì tí a gbà nínú BAC, wọ́n á wo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí oníkálukú fẹ́, wọ́n á to orúkọ láti òkè wá sílẹ̀, wọ́n á sì dúró níbi tí àyè bá tán sí. Ìwé kan náà tó ti jẹ́ òṣùwọ̀n ní oṣù Keje ti di eré ìje kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Máàkì kò yí padà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe ló yí padà.

Gírámà Yorùbá tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí ju bí a ti rò lọ. Nípa BAC, a máa ń sọ pé "mo yege". Akẹ́kọ̀ọ́ ni olùwà gbólóhùn náà. Nípa bourse, a máa ń sọ pé "wọ́n mú mi" tàbí "wọn kò mú mi". Akẹ́kọ̀ọ́ ti di àbọ̀, ẹlòmíràn ni olùwà. Ẹni tó bá fi etí sí gbólóhùn méjèèjì yóò rí i pé apá kan wà nínú ọ̀ràn bourse tí kò sí ní ìkáwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, bó ti wù kí ó mọ̀wé tó. Ìmọ̀ràn tí kò bá ya yíyege sọ́tọ̀ kúrò lára kí wọ́n múni, ó lè ṣi ọmọ lọ́nà.

Ọ̀kẹ́ tí owó wà nínú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ *bourse* fúnra rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́. *Bursa* ni ní Látìn, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí awọ ẹran. Àpò awọ tí wọ́n ń kó owó sí ni wọ́n wá ń pè bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní irú rẹ̀. Ọ̀kẹ́ ni àpò tí àwọn baba wa ń kó owó ẹyọ sí, 20,000 owó ẹyọ ló sì ń wọ inú ọ̀kẹ́ kan. Ìdí nìyí tí *ọ̀kẹ́ kan* fi jẹ́ 20,000 nínú ònkà wa títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pín bourse, kí ó fi ojú inú wo ọ̀kẹ́ kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ níye. Àwọn tó tò síwájú rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ń pín in fún ẹni àkọ́kọ́, fún ẹnì kejì, títí ọ̀kẹ́ á fi gbẹ. Máàkì ẹni ìkẹyìn tí ìpín kàn ni a máa ń pè ní ìlà tí wọ́n gé e sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ lásán ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní bourse 100 ló wà fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan. Lágbájá ní 13.20. Bí àwọn 99 bá ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló ṣe ìkọgọ́rùn-ún, wọ́n mú un. Tàmẹ̀dò ní 13.20 bákan náà lọ́dún kejì, ṣùgbọ́n àwọn 140 ló ní ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún tirẹ̀, wọn kò mú un. Làkáṣègbè náà ní 13.20 lọ́dún kejì kan náà, àmọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn ló yàn, níbi tí bourse 100 wà tí àwọn 60 péré sì ní máàkì tó ju tirẹ̀ lọ. Wọ́n mú un. Àwọn mẹ́ta, máàkì kan, èsì méjì. Kò sí èyí tó gọ̀ ju èkejì lọ nínú wọn.

Nínú irú ìpín báyìí, kò sí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé 13.20 ni ìlà. Lẹ́yìn tí ìpín bá parí ni ìlà máa ń hàn. Ẹni tó ń béèrè pé "mélòó ni ìlà ọdún yìí?" kí orúkọ tó jáde, ó dà bí ẹni tó ń béèrè iye ẹja tó wà nínú àwọ̀n tí a kò tí ì fà sókè. Ìlà ti èṣí lè jẹ́ kí a fojú díwọ̀n, kò lè jẹ́ ìlérí.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣa akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, a máa ń rí ẹni tó jẹ́ *boursier*, a máa ń rí ẹni tí yóò san apá kan owó ẹ̀kọ́, a sì máa ń rí ẹni tí yóò san gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní *titre payant*. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ojúewé ìjọba tí wọ́n pè ní *Après mon Bac*, ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC ti ń yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ìdí nìyí tí yíyan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kì í fi í ṣe nǹkan tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń rò pé kí òun tún BAC ṣe, ẹ̀ka tí gbogbo ayé ń dù ni ó yàn. Bóyá kì í ṣe máàkì ló yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìlà tí kì í dúró sójú kan

Bí ẹnì kan bá rò pé àwa nìkan ni ìlà ń yẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, kí ó wo òdìkejì ààlà, ní Nàìjíríà. JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì, ni wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1978. Máàkì 400 ni ìdánwò rẹ̀. Ní ọdọọdún ni àjọ náà àti àwọn aṣojú ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí máàkì tó kéré jù tí yunifásítì lè gbà. Lọ́dún 2016, 180 ni. Lọ́dún 2017, wọ́n sọ ọ́ di 120. Ó di 160 lọ́dún 2019, 140 lọ́dún 2022, àti 150 lọ́dún 2025. Ẹni tó ní 170 kò lè dé ìlà lọ́dún 2016, ṣùgbọ́n 170 yẹn kan náà ì bá kọjá ìlà nínú ọdún mẹ́rin yòókù tí a dárúkọ. Yàtọ̀ sí èyí, yunifásítì kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣì ń gbé ìlà tirẹ̀ ga ju ti JAMB lọ.

Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàárín tiwọn àti tiwa. Ọdún kan péré ni èsì JAMB máa ń wúlò fún. Ẹni tí wọn kò bá mú lọ́dún náà gbọ́dọ̀ tún un ṣe, kò ní ohun tí yóò rò sí méjì. BAC tiwa kì í kú. Ẹni tó gbà á lónìí lè fi wọ yunifásítì lọ́dún mẹ́wàá òní. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tún BAC ṣe lẹ́yìn tó ti yege kò tún un ṣe torí àtiwọlé. Torí àtidu ipò nínú ìlà bourse ni. Ó yẹ kí ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ibi tó jìnnà díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ètò ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní National Merit. Ìdánwò PSAT tí àwọn ọmọ kíláàsì kọkànlá máa ń ṣe nínú oṣù Kẹwàá ni wọ́n fi ń ṣa àwọn tí yóò dé ìpele ìdíje tó ṣáájú òpin, bí 16,000 lọ́dún. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, nítorí iye àyè tó kàn án ń tẹ̀lé iye ọmọ tó ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún kejì ni wọ́n máa ń kéde àwọn tí wọ́n mú, ìyẹn bí oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn ìdánwò. Nínú oṣù mọ́kànlá náà, àwọn ọmọ wọ̀nyí ń rò ó bóyá kí àwọn ṣe ìdánwò SAT tàbí kí wọ́n tún un ṣe, nítorí ẹni tí wọ́n bá mú ṣì nílò máàkì SAT tàbí ACT tó dára láti fi ìdí tirẹ̀ múlẹ̀.

A mú àpẹẹrẹ yìí wá nítorí ẹ̀kọ́ kan tó wà nínú rẹ̀. SAT tí ọmọ náà ń múra fún yóò wúlò bí wọ́n bá mú un. Yóò sì wúlò bí wọn kò bá mú un, nítorí àwọn yunifásítì náà ń wo SAT. Iṣẹ́ tó lérè lọ́nà méjèèjì ni ó yẹ kí ẹni tó ń retí èsì kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Títún BAC ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọmọ lọ́dún yìí, asán ni gbogbo ohun tó ti ná sí i. Bí wọn kò bá mú un lọ́dún yìí, ó ṣì lè má lérè lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí ni títún un ṣe lè yí padà?

A kò sọ pé títún BAC ṣe kò dára rárá. Ìṣirò kékeré kan ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Kí ọmọ mú *relevé de notes* rẹ̀ jáde, ìwé tí wọ́n kọ máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, kí ó jókòó tì í pẹ̀lú bíró.

Ká ní àròpọ̀ gbogbo *coefficient* jẹ́ 20, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 12. Àmì 240 ló kó jọ nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ 13, 260 ló gbọ́dọ̀ kó jọ. Àmì 20 ló ń wá. Níbo ni yóò ti rí i? Bí iṣẹ́ kan bá wà tí *coefficient* rẹ̀ jẹ́ 5, tí ọmọ náà gba 8 nínú rẹ̀, kí ó gbé e dé 12 péré, ó ti rí àmì 20 náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí *coefficient* rẹ̀ jẹ́ 1, bí ó tilẹ̀ ti orí 8 fò dé 20, àmì 12 péré ni yóò rí. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo máàkì rẹ̀ ló wà láàárín 11 àti 13, kò sí ihò kan tó fẹ́ dí. Gbogbo iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ńlá sì nìyẹn.

Níbi tí iṣẹ́ kan tó wúwo bá ti já ọmọ kulẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì hàn, tí ìdí náà kò ní sí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, títún un ṣe ní ìtumọ̀. Ó lè jẹ́ àìsàn ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ó lè jẹ́ pé wọn kò parí iṣẹ́ ọdún nínú ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ìdí kan ṣoṣo tí ó ní bá jẹ́ "mo mọ̀ pé mo lè ṣe jù báyìí lọ", kí ó rántí pé máàkì máa ń fò sókè, ó sì máa ń bọ́ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ìmọ̀ yí padà. Ìbéèrè tó jáde lè jẹ́ èyí tó bá a lára mu, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní 12 lónìí lè ní 13 lọ́la, ó sì lè ní 11.

Kò tíì tán síbẹ̀. Eré ìje ni, àwọn tí yóò bá a sá a lọ́dún tó ń bọ̀ kì í ṣe àwọn ti ọdún yìí. Ó lè sáré ju ti èṣí lọ, kí ó sì tún dé ipò kan náà.

Ní ilẹ̀ Faransé, títún ọdún kan ṣe torí *concours* jẹ́ nǹkan tí ojú ti mọ́. Àwọn tó ń múra láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tó lókìkí tilẹ̀ ní orúkọ fún un. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ọdún kejì ni wọ́n ń pè ní *trois demis*, ẹni tó bá tún ọdún kejì náà ṣe ni *cinq demis*. Ẹ̀fẹ̀ àwọn onímáàtì ni: École polytechnique ni wọ́n ń pè ní X, *intégrer* sì ni ọ̀rọ̀ wọn fún "wọlé". Bí a bá fi ìṣirò *intégrale* ṣe x láti 1 dé 2, a ó rí 3/2. Láti 2 dé 3, a ó rí 5/2. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí i pé kíláàsì ìmúrasílẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí *concours* ni àwọn wọ̀nyẹn ń padà sí. Kíláàsì Terminale ni ọmọ tiwa ń padà sí. *Examen* ni wọ́n sì ṣe kíláàsì náà fún.

Iye tí ọdún kan jẹ́

Àwọn òbí kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń sọ pé títún un ṣe kò ná wọn ní nǹkan kan. Ọmọ wà nílé, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, kò sí owó ilé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú wa wà lójú ọ̀nà tó lọ láti Kútọnu sí Párákú, síbẹ̀ yálà Abomey-Calavi ni ọmọ ń lọ ní ìsàlẹ̀ tàbí Párákú ní òkè, ìrìn-àjò gidi ni, yóò gba yàrá, yóò sì máa jẹun lọ́tọ̀. Ẹni tí kò ní bourse mọ bí oṣù ṣe ń gùn tó.

Ṣùgbọ́n ọdún náà ní iye tirẹ̀ tí a kò kà. Ọdún kan tí ọmọ fi tún BAC ṣe ni ọdún kan tí yóò fi pẹ́ kí ó tó parí ẹ̀kọ́, kí ó tó ríṣẹ́, kí ó tó lè ran àwọn àbúrò lọ́wọ́. Ọjọ́ orí sì wà lára ohun tí ètò bourse ń wò. Ẹni tó ti ṣe kíláàsì kan lẹ́ẹ̀mejì rí gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ orí rẹ̀ dáadáa kí ó tó fi ọdún kan kún un.

Kí ọmọ tó pinnu, ìbéèrè mẹ́ta wà tó yẹ kí ó lọ béèrè lẹ́nu àwọn tó ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe lẹ́nu àwọn tó jókòó lábẹ́ igi. Èkíní: gẹ́gẹ́ bí ìlànà ọdún náà, ṣé ẹni tó ti ní BAC tẹ́lẹ̀ lè wọ inú ìdíje bourse pẹ̀lú BAC kejì? Èkejì: lọ́jọ́ tí ọdún tó ń bọ̀ bá dé, ṣé ọjọ́ orí òun kò ní tí ì kọjá ààlà? Ẹ̀kẹta: ṣé ọ̀nà ìrànwọ́ mìíràn wà fún ẹni tó bá ṣe dáadáa lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì? Bí ìdáhùn sí èkíní tàbí èkejì kò bá dára, ọ̀rọ̀ ti parí, máàkì kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìgbà. Ilẹ̀kùn méjì ló wà níwájú ọmọ náà, wọn kì í sì í tì lọ́jọ́ kan náà. Ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ ní yunifásítì ló kọ́kọ́ máa ń tì. Ìforúkọsílẹ̀ fún BAC tó ń bọ̀ máa ń wáyé lẹ́yìn tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọlé, ẹni tí kò sí ní kíláàsì kankan pàápàá lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí *candidat libre*. Nítorí náà, kò sí ìdí kankan tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ pa ìforúkọsílẹ̀ yunifásítì tì ní oṣù Kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, torí pé ó ń rò ó láti tún BAC ṣe. Kí ó kọ́kọ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn tó fẹ́ tì wọlé. Owó ẹ̀kọ́ ní àwọn *faculté* kéré sí ti àwọn *école* tó ń ṣa akẹ́kọ̀ọ́. Bí orúkọ bá jáde tí tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti wà nílé. Bí tirẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ó ti ń kàwé lọ, BAC tó ń bọ̀ sì ṣì wà níwájú rẹ̀ bí ó bá ṣì wù ú. Àwọn àgbà ní kí a má tìtorí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù.

Iṣẹ́ wà nínú kí ènìyàn máa ka ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì kí ó sì tún máa múra BAC sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè gbé ẹrù méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù méjì tàbí mẹ́ta bá ti kọjá, ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Wọn yóò ti fojú ara wọn rí bí yunifásítì ṣe rí, wọn yóò ti mọ iye tí oṣù kan ń ná wọn, orúkọ yóò sì ti jáde. Ìpinnu tí a ṣe nígbà yẹn dára ju èyí tí a ṣe ní oṣù Keje nígbà tí ẹ̀rù ń bà wá.

Bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀

Ohun ìkẹyìn tí a fẹ́ sọ kan èdè. Nígbà tí orúkọ bá jáde tí ti ọmọ kan kò sí níbẹ̀, a máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé "ó fìdí rẹmi". Irọ́ ni. Ó ti yege ní oṣù Keje, kò sì sí ohun tó lè sọ ọ́ di ẹni tí kò yege mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọn kò mú un. Ẹni tí a bá ti sọ fún pé ó fìdí rẹmi yóò fẹ́ lọ tún ohun tó "bàjẹ́" ṣe, kíákíá, kí ojú má baà tì í mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń padà sí Terminale láìka máàkì kankan, láìbéèrè ohunkóhun.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tí a bá ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀. *Ìdánwò òṣùwọ̀n* lè dúró fún *examen*, *ìdánwò ìje* lè dúró fún *concours*. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ìyá tó ń ta ẹ̀wà lójú ọ̀nà lè bi ọmọ rẹ̀ pé, "Èwo ni èyí tí o fẹ́ lọ tún ṣe, ti òṣùwọ̀n ni àbí ti ìje?" Bí ọmọ náà bá lè dáhùn, wọ́n á lè jókòó fi *relevé de notes* rẹ̀ ṣe ìṣirò.